Ohun Tí Alfa Yọ Nínú Mọ́tò Mi

Ilẹ̀kùn méjì péré ni mọ́tò mi ní. Kí n tó gbé ọmọ mi sẹ́yìn, mo ní láti tẹ àga iwájú ba, kí n rá pálá wọlé bí ẹni ń wọ ihò, kí n wá bẹ́líìtì, ọmọ á sì máa fẹsẹ̀ gbá mi nímú. Àwọn ọlọ́kadà Ọ̀fà Garage ò kí mi dáadáa rí. "Ìyá ọmọ, ilẹ̀kùn méjì tó kù dà? Ṣé olè ló tú u lọ ni?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó kúrú, ó sún mọ́lẹ̀, tí mo bá sì tẹná mọ́ ọn lójú ọ̀nà tó dán, ara mi á yá gágá. Kí n tó bímọ ni mo ti rà á.

Tíṣà lọkọ mi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, èèyàn jẹ́jẹ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Mọ́tò yìí ń mu epo jù, iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn níwájú rẹ̀ ò sì kú láti bí oṣù méjì. Ẹnì kan níléèwé wa fẹ́ rà á. Tí kò bá dáa títí Sátidé, ká jẹ́ kó máa gbé e lọ."

Mo gbé e kiri. Rewáyà kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Challenge ní sẹ́ńsọ̀ ni. Òmíràn ní púlọ́ọ̀gì ni. Ẹ̀kẹta yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó mi orí, ó ní, "Àǹtí, ẹ fi àdúrà sí i." Ta ni kí n gbà gbọ́?

Èyí tó rú mi lójú jù ni abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn. Kì í gòkè. Tí mo bá wakọ̀ láti ilé dé Ọjà Tuntun, ìsàlẹ̀ náà ló máa sùn sí, bíi pé n ò tíì tan mọ́tò. Inú mi sì máa ń dùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé tó bá gòkè, wàhálà dé. Tí kò bá gòkè, àlàáfíà ni. Àbí?

Ní Tọ́sìdeè, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ti ń tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Alfa là ń pè é, torí ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nírọ̀lẹ́.

"Alfa, kí ló dé tí abẹ́rẹ́ yìí ò dìde rí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀. "Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni? Mo ti yọ tẹmositáàtì dànù láti ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e wá."

"Ẹ yọ kí ni?"

"Nǹkan kékeré tó ń dínà fún omi títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún. Pẹ̀lú oòrùn Ìlọrin yìí, kí la fẹ́ fi ṣe? Wálláhì, mọ́tò tó bá wọ ibí, mo máa ń yọ tiẹ̀ ni. Sàráà ni mo fi ń ṣe."

N ò mọ èyí tí mo lè ṣe nínú kí n dúpẹ́ tàbí kí n bú sẹ́kún. Ṣé òtútù ni mọ́tò yìí ti rò pé ó ń mú òun látọjọ́ yìí, tó ń mu epo bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lásìkò ọyẹ́?

Mo yẹ fóònù mi wò: ẹ́ńjìnnì tí kò bá gbóná tó máa ń mu epo jù, iná rẹ̀ sì lè máa tàn. "Alfa, ẹ bá mi fi òmíràn sí i."

"Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń ka fóònù! Tó bá kú sójú ọ̀nà, ẹ má pè mí o."

Ó fi í sí i, ó ń sún ẹnu jọ.

Nígbà tó di Sátidé, ọkọ mi jókòó tì mí, ọmọ wà lẹ́yìn. Kí a tó dé Challenge, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Ó ń gòkè! Dúró, dúró!" lọkọ mi kígbe.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àìsàn ló ń lọ ni, àbí òun gan-an ló ń bọ̀? Abẹ́rẹ́ dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì ṣì ń tàn.

Ìgbà náà ni fóònù ọkọ mi dún. Ẹni tó fẹ́ rà á ni. Ọkọ mi wò mí, ó na fóònù sí mi. "Ìwọ lo ni mọ́tò. Dá a lóhùn."

Ẹnu mi ti sọ̀rọ̀ kí ọkàn mi tó rò ó: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. A ò tà á mọ́."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" lọkọ mi bi mí.

Mo ní rárá. Mo tan iná tíráfíkétọ̀, mo sì wọ títì padà.