Fọ́tò Ẹ̀gbọ́n Mi Tí Màámi Ò Rí

Bíráúsà lásánlàsàn ló lé Màámi padà sílé lónìí. Tẹkún-tẹkún ni mo fi ń tẹ èyí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó rẹ̀ kó fọ́tò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi páásíwọ́ọ̀dù tì í, ó sì ki páásíwọ́ọ̀dù náà bọ inú línkì tó fi ránṣẹ́ sí mi. Ní ọ́fíìsì wa ní Ìlúpéjú, wẹ́rẹ́ ló ṣí. Mi ò wò ó. Mo ní kí n dúró de Màámi.

Mo mú wọn lọ sí kafé ní Onígbòǹgbò. Bíráúsà tí wọ́n fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí línkì náà.

Màámi, tí wọ́n ti rò pé fọ́tò sàréè ni, dìde. "Fi sílẹ̀. Òbí kì í wo sàréè ọmọ. Bóyá ọmọ mi gan-an ló tilẹ̀kùn."

Wọ́n ti lọ kí ọmọbìnrin tó ni kafé tó dé. "Àǹtí, bíráúsà yìí kì í gba páásíwọ́ọ̀dù nínú línkì. Ẹ yọ ọ́, tó bá béèrè, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́."

Ó ṣí.

Kò sí sàréè kankan níbẹ̀ o! Ẹ̀gbọ́n mi ló ń rẹ́rìn-ín, fìlà tí Màámi rán fún un ló dé.

Mo sọ fún Màámi nígbà tí mo délé. Wọ́n ní mo kàn ń tu àwọn nínú ni, wọn ò sì fẹ́ wò ó.

Ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe tí wọ́n á fi gbà mí gbọ́?