Máàkì Méjì Lórí Àga Onígbàjámọ̀

Onígbàjámọ̀ lọkọ mi, ẹnu rẹ̀ ò sì dilẹ̀ rí. Tó bá wà nítòsí ni, "wọ́n" ni mo máa pè é, ṣùgbọ́n kò sí níbí, ẹ jẹ́ n máa wí tèmi lọ. Yàrá kan la jọ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Pákó la fi là á láàárín: ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà níhìn-ín, àga rẹ̀ àti dígí ńlá wà lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ mo kọ̀, gbogbo ohun tó bá ń sọ ni mò ń gbọ́. Á máa gẹ irun ẹni kan lọ, á bá a tún ìjọba tò, á bá a parí ìjà òun àtìyàwó rẹ̀, á tún bi í léèrè bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe nílé ìwé. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àwọn kan ò tiẹ̀ nírun lórí mọ́, wọ́n á ṣì wá jókòó.

Ọlọ́run wá fi ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ta irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ. Àkọ́bí wa obìnrin, Adákẹ́ là ń pè é. Bàbá rẹ̀ lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" lòun máa fi dá a lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń dun bàbá rẹ̀. Ó ti sọ fún mi rí pé òun ò mọ ohun tó wà nínú ọmọ òun.

Nígbà tí èsì ìdánwò àtiwọ yunifásítì jáde, Adákẹ́ gba méjìdínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún èdè, ìyẹn apá tí wọ́n ti ń kàwé tí wọ́n sì ń dáhùn ohun tí wọ́n kà. Ó gba márùndínlọ́gọ́ta fún ìṣirò. Inú ọkọ mi dùn, kò mọ ibi tó máa fi ara sí. Ó ń pariwo pé, "Ọ̀rọ̀ wà nínú ọmọ yìí, ẹ ò rí i!" Kó tó di ọ̀sán, ó ti sọ ọmọ di lọ́yà. Gbogbo ẹni tó gẹrun lọ́jọ́ náà ló gbọ́ ọ.

Bẹ́ẹ̀, ìṣirò lọmọ fẹ́ lọ kọ́. Ó rọra sọ fún bàbá rẹ̀, bàbá ní rárá, ibi tí máàkì bá pọ̀ sí lorí ń gbéni lọ. Ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n máa ti ọ̀nà pa fún yíyan ohun téèyàn fẹ́ kọ́. Mo mọ ọmọ mi, kò ní í yan ohun tí bàbá rẹ̀ ò fọwọ́ sí. Á yan òfin, á gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ mì, kò sì ní í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ayé. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Mo lọ bá ọkọ mi. Mo ní gbogbo obìnrin tí mo bá wọ̀n, ìdí rẹ̀ máa ń ju àyà rẹ̀ lọ lórí téèpù. Ṣé gbogbo wọn náà ló nídìí ńlá ni? Tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdí ẹnì kan tóbi, ìdí àwọn obìnrin yòókù ni mo máa fi wé, n kò ní í fi wé àyà òun fúnra rẹ̀. Mo ní kó lọ wádìí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà gbà. Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Adákẹ́, méjìdínláàádọ́rin ju márùndínlọ́gọ́ta lọ. Àbí wọ́n ti yí òǹkà padà ni?" Inú bí mi débi pé mo rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn.

Ẹnu rẹ̀ náà ló kó bá a. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn tó ṣe ìdánwò ń wá gẹrun kí wọ́n lè lọ ya fọ́tò yunifásítì. Bí ọ̀kan bá ti jókòó báyìí, ọkọ mi á bi í pé kí ló gbà, kó lè ráyè dárúkọ ti ọmọ tirẹ̀. Ọmọ káfíńtà ní àádọ́rin lòun gba fún èdè. Ìṣirò ńkọ́? Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èyí tó tẹ̀ lé e gba mẹ́rìnléláàádọ́rin fún èdè, ó gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ dáadáa.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ tíṣà jókòó, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó gba mọ́kànléláàádọ́rin fún èdè. Ó wá fi ìgbéraga sọ pé òun gba mọ́kànlélógójì fún ìṣirò, òun lòun sì ṣáájú ní kíláàsì àwọn, torí ìṣirò ọdún yìí le bí ojú ẹja.

Kílípà dákẹ́. Mo yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Ọkọ mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ó ń wo dígí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó ti wá mọ̀ ọ́n wàyí. Nínú èdè, ọmọ rẹ̀ wà láàárín èrò. Nínú ìṣirò, kò tíì sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Mo rọra ká téèpù mi sọ́wọ́, ẹ sì gbà mí gbọ́, kò rọrùn.

Ó pe Adákẹ́, tó ń bá mi lọ aṣọ, ó ní kó lọ yan ìṣirò rẹ̀. Ọmọ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó ń wò ó. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n.

Ó ní, "Máàkì èdè yẹn dùn mọ́ mi torí mo rò pé ọ̀rọ̀ tó ò bá mi sọ láti ọjọ́ yìí, ibẹ̀ ló wà. Mo kàn fẹ́ máa gbóhùn rẹ ni."

Adákẹ́ ní, "Bàbá, ẹ ò bi mí nípa ìṣirò rí."

Mo fẹ́ràn ọkọ mi lójú ẹsẹ̀ yẹn ju ọjọ́ tó gbé mi níyàwó lọ, torí kò jiyàn. Ó bi í. Ọmọ náà da pọ́dà sórí tábìlì iwájú dígí, ó fìka ya òbìrí róbótó, ó fa ìlà gba àárín rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ́ lọ bí ẹni pé kò ní í dúró mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó tòun ti irun àbọ̀, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọkọ mi lanu, ẹ̀ẹ̀mejì ló pa á dé. Mo mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Nígbà tí ọmọ sì parí, ó ní kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.