Ṣé O Ò Ní Eyín Ni?

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Múṣin, eyín ni mo sì fi ń bó waya. Ọ̀gá ní irin tí wọ́n fi ń bó o, àmọ́ ó ní ọwọ́ obìnrin á bà á jẹ́. Lọ́jọ́ tí mo tọrọ rẹ̀, ó ní, "Ṣé o ò ní eyín ni?" Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni waya kan kán eyín iwájú mi. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Lọ́dún tó kọjá, mo ń yan irin tèmi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ojúẹlẹ́gba. Mo fi mẹ́ta bó waya wò. Méjì ń gé bàbà mọ́ rọ́bà, ìkẹta bó rọ́bà nìkan. Ìyẹn ni mo mú. Àfi bí ọ̀gá mi ṣe wọlé, tó ní tòun ti bà jẹ́, òun ò sì tíì rówó ra òmíràn, kí n yá òun ní tèmi.

Mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ò ní eyín ni?"

Ìgbà tó lanu láti fèsì ni mo rí i pé eyín iwájú rẹ̀ ti tán. Mo ní kí ọlọ́jà bá mi wé irin mi sínú ọ̀rá.