Wáyà Fóònù Tó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdé. Ọmọdé tí mò ń wí kì í ṣe ti ẹni tó ń fi iyanrìn ṣeré o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti jáde ní yunifásítì, mo sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọdé ni lójú ará ilé. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mò ń gbé ní Múṣín. Wọn kò bá mi wí rí, síbẹ̀ ojú ara mi ń tì mí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá bu oúnjẹ fún mi. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀mpútà ṣe ní kí n wá dán ara mi wò lọ́dọ̀ òun. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí ó ní òun kò tíì gbà mí o.

Ọ̀gá ti ṣèlérí fún oníbàárà kan tó ń ta oògùn, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, pé kò ní sí pé ènìyàn ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ní Jíbówú mọ́ nígbà tí kọ̀mpútà ibẹ̀ bá ṣe ségesège. A ó jókòó sí Sùúrùlérè, a ó máa rí ojú kọ̀mpútà Ìbàdàn lórí tiwa, a ó sì tún un ṣe láti ọ̀dọ̀ wa. Ojú wáyà fóònù ni a ó gbà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí à ń pè ní módẹ́ẹ̀mù, òun ló ń bá wa pe fóònù náà. Yóò kọ́kọ́ ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwòrán yóò máa yọ díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá wò mí lójú, ó ní, “Bí èyí bá dúró, ìwọ náà ti dúró nìyẹn.”

Kò dúró. Àwòrán yóò yọ dé ìdajì, yóò sì já. Àǹtí kan ló ń bá wa ṣọ́ kọ̀mpútà ti Ìbàdàn. Wáyà kan ṣoṣo ni a ní, nítorí náà ìgbà tí ó bá já nìkan ni a tó lè sọ̀rọ̀.

“Bọ̀dá Èkó, ó tún ti lọ o! Àbí kọ̀mpútà tiyín ń lọ jẹun ni?”

“Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tún gbìyànjú.”

Mo pààrọ̀ okùn, mo dín eré módẹ́ẹ̀mù kù, mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un tò. Mo fọkàn gbàdúrà sí i, kí n má purọ́ fún yín. Bí ó bá ti já, ṣe ni ó máa ń dà bíi pé nǹkan já nínú èmi gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá rán mi lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí màmá rẹ̀ ń gbé. Bí mo ti wọlé ni mo rí Màmá tí wọ́n ń ti ilé ìdáná bọ̀. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, wọ́n gbé e sétí, wọ́n rojú, wọ́n gbé e padà. Wáyà kan náà ni pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀! Bí wọ́n bá ti gbé fóònù yẹn, tiwa nísàlẹ̀ á já.

“Màmá, ta ni ẹ ń pè?”

“N ò pe ẹnikẹ́ni o. Mò ń wò ó bóyá tóònù wà ni. Ariwo burúkú kan ló wọ inú ẹ̀.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò lè mọ èyí. Láyé ìgbà yẹn, fóònù lè kú fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà kò sí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kì í gbé e sétí wò bóyá ó ń dún. Ọmọbìnrin Màmá kan wà lókè òkun. Ó bímọ nígbà kan tí fóònù kú, ọmọ sì ti ń rìn kí Màmá tó gbọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí wọn?

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bá ọ̀gá sọ ọ́. Mo ní kó jẹ́ ká yọ wáyà òkè fún ìgbà díẹ̀.

“Kí n yọ fóònù ìyá mi? Ìyá mi ló ń ba iṣẹ́ ẹ jẹ́, àbí?”

“Rárá, sà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Jáde níwájú mi.”

Nígbà tí oníbàárà náà wá fúnra rẹ̀, ó jókòó tì wá. Àwòrán yọ, ó rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbọ́ ìró bàtà Màmá lókè ni ó já. Ọ̀gá nàka sí mi: “Ọmọ tuntun yìí ni kò mọ wáyà so.” Ta ni yóò na ìka sí ìyá ọ̀gá rẹ̀ níwájú àlejò? Ọjọ́ yẹn náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó pàdé Àǹtí Ìbàdàn ní Jíbówú; ohùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Ó ní, “Bọ̀dá, láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni kò já mọ́ o. Ọ̀gá yín ní òun yọ wáyà kan lókè.” Mo rẹ́rìn-ín fún un, mo sì lọ dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan, mo sunkún.

Lónìí, ẹ̀yin ń fi fóònù inú àpò wo kọ̀mpútà ẹni tó wà lókè òkun, kò sì sí ẹni tó ń kọ́kọ́ gbé fóònù sétí wò bóyá ó wà láàyè. Ayé rọrùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gá náà wá mi rí lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì, ó ní kí n wá dìde láàrin èrò, kí n sọ pé ọ̀gá ló kọ́ mi níṣẹ́. Màmá ti papòdà, n kò fẹ́ kí n sọ òtítọ́ fóònù yẹn kí wọ́n di ẹni ẹ̀rín. Bí mo bá kọ̀ láti lọ, wọn yóò ní mo gbàgbé oore. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún mi, kí ni kí n sọ?