Ohùn Tó Bá Mi Yan Púlọ́ọ̀gì

Òtítọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, gẹ́gẹ́ bó ti jẹ́ òtítọ́ pé ìyàwó mi mú ẹyin orí wáàkyé mi jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Wáàkyé ni ìrẹsì ẹlẹ́wà tí à ń rà nínú ewé níbí. Mo yíjú sí rédíò díẹ̀, kí n tó yíjú padà, ẹyin ti lọ.

"Ìyá Rẹ̀mí, ẹyin mi dà?"

"Ẹ wò ó dáadáa, Tíṣà. Bóyá ó ti pa, tó sì ti fò lọ."

Mo bínú díẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, gbogbo wáàkyé náà ni ǹ bá gbé fún un.

Tíṣà ni mí lóòótọ́, mo ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo wá kọ́ni ní Kumasi nígbà ọ̀dọ́, mo sì fẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí wọ́n bí sí Dichemso níbí. Èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń lọ mọ́ṣáláṣí, a kò sì jà lórí rẹ̀ rí. Mi ò gba ìtàn iwin gbọ́. Bí ọmọ iléèwé bá kọ irú rẹ̀ fún mi, máàkì kékeré ni yóò gbà. Ẹ mọ̀, nítorí náà, pé kò wù mí láti máa sọ ọ́ kiri.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò gbọ́ Twi. Lédè Twi, bí ènìyàn bá béèrè bí nǹkan ṣe rí, "Ɛyɛ" ni wọn yóò dáhùn, ìyẹn ni pé ó dára. Létí èmi ará Ọ̀yọ́, ẹyẹ ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyàwó mi, oníbàárà kan bi í bóyá ọjà rẹ̀ dára. Ó ní, "Ɛyɛ." Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan béèrè pé, "Ẹyẹ wo?"

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹyẹlé."

Bí mo ṣe rí ìyàwó nìyẹn. Fún ọdún méjìdínlógójì ni a fi ń sọ ọ́ láàárín ara wa, ní ohùn jẹ́jẹ́, nínú yàrá, nínú ọkọ̀, lórí àga ọsibítù. Bó bá ti ní "Ɛyɛ," èmi a ní "Ẹyẹ wo?" Rẹ̀mí pàápàá, ọmọ wa kan ṣoṣo, kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ni ìyàwó mi ń tà, nínú kọ̀ńténà kan ní Mágásíìnì, àdúgbò àwọn fítà ní Suame. Fítà là ń pe mẹkáníìkì níbí. Hajia Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é. Ògbólógbòó fítà a gbé púlọ́ọ̀gì àlòkù wá bá a, òun a yí ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, a sì sọ àrùn ọkọ̀ náà láìrí ọkọ̀ náà sójú.

"Bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú, bẹntiróò ló ń mu yó," ni ó máa ń wí. "Bó bá funfun, iná ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá pọ́n bí ẹ̀pà sísun, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́. Kò sí ohun tó ṣe é."

Bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, ọkọ̀ tó ju Rẹ̀mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Òun ló ń wà á, òun ló ń tún un ṣe. Tèmi ni kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n máa ka ìwé ìròyìn.

Lọ́jọ́ ẹyin yẹn, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ó fa ìró rẹ̀ kan tó ti gbó ya sí mẹ́rin, ó fi dí àwọn ihò náà kí eruku má baà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Màá mú tuntun bọ̀ lọ́la." Ó fi kẹrosíìnì àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ bó ti máa ń ṣe, òórùn tí mo mọ̀ mọ́ ọn ju lọ́fínńdà lọ. Ó kírun Alaasari. Ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

Kò dìde mọ́.

Oṣù márùn-ún ni ọkọ̀ náà fi dúró lẹ́bàá ògiri, pẹ̀lú aṣọ mẹ́rin nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, Rẹ̀mí jókòó tì mí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn oní-kọ́ńdẹ̀mù wá gbé e, ẹ jọ̀ọ́ wai." Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń wí.

"Kí ló dé?"

"Àràárọ̀ lẹ̀ ń dúró tì í bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ń bà mí lẹ́rù paa."

Ọmọ náà ò parọ́. Mo ṣèlérí fún un: bí mi ò bá lè mú un sítáàtì kí oòrùn Jímọ̀ tó wọ̀, kí wọ́n wá gé e ní àárọ̀ Sátidé.

Kwabena, fítà àdúgbò wa, bá mi gba iná sí bátìrì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ra púlọ́ọ̀gì kí òun sì fi sí i, kò ní pẹ́. Mo ní rárá. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Aṣọ tí obìnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò wọ̀nyẹn, mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn yọ ọ́.

Agolo mílíìkì náà ńkọ́? Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni ì bá mú púlọ́ọ̀gì àlòkù kan nínú rẹ̀ lọ fi wé tuntun. Mi ò lè ṣí i. Mo wá ìwé ọkọ̀ náà nínú dúrọ́ọ̀, mo da nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kọ sórí bébà, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Jímọ̀ náà, àsìkò ìrun ọ̀sán ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn láti lọ. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní ìlà kọ̀ńténà rẹ̀, gbogbo wọn á ti lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún di ọwọ́ mi mú kó máa wí pé "Due, due." Ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn dára, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ ènìyàn.

Ẹ gbà mí gbọ́, ìdákẹ́jẹ́ Mágásíìnì ń bani lẹ́rù ju ariwo rẹ̀ lọ. Kò sí òòlù. Kò sí fèrè ọkọ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì, oòrùn sì wà ní àtàrí.

Wofa Yaw nìkan ló ṣí, àgbàlagbà Aṣáńtì kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì bíi tèmi. Kọ̀ńténà rẹ̀ dojú kọ ti ìyàwó mi. Àgádágodo ìyàwó mi ṣì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ níbẹ̀. Twi ni àwa méjèèjì sọ. Mo ń yí i sí Yorùbá fún yín ni.

"Teacher, due..."

"Wofa, ẹ jọ̀ọ́. Púlọ́ọ̀gì ni mo wá rà."

Ènìyàn dáadáa ni. Ó ka bébà mi, ó wọlé, ó kó páálí kéékèèké mẹ́rin jáde, ó tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn. Mo fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà bí ẹni tó ń ṣe máàkì ìdánwò. Wọ́n bára mu. Mo na ọwọ́ sí wọn.

"Ọrùn rẹ̀ gùn jù."

Ẹ̀yìn mi ni, lápá òsì, jẹ́jẹ́. Yorùbá ni. Ohùn obìnrin. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ ló ń kọjá. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Ojú ti ń tì mí pé wọ́n ń kọ́ mi.

"Wofa," mo ní, "ṣé ọrùn rẹ̀ ò gùn jù?"

"Ọrùn?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo púlọ́ọ̀gì náà, ó wo kọ̀ńténà òdìkejì, ó gbá itan rẹ̀. "Ei! Ọkọ̀ Hajia! Bàbá rẹ̀ ti pààrọ̀ orí ẹ́ńjìnnì yẹn láyé ọjọ́sí. Ti ọkọ̀ mìíràn ló wà níbẹ̀. Ìwé ò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá fi ọlọ́rùn gígùn sí i, písítìnì á gbá a lẹ́nu, ẹ́ńjìnnì ti parí nìyẹn." Ó tẹjú mọ́ mi. "Ta ló sọ fún yín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé ìyàwó mi ti sọ ọ̀rọ̀ orí ẹ́ńjìnnì yẹn fún mi lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, tí mo ń ka ìwé ìròyìn. "Tíṣà, ìwé kọ́ ló ń wa ọkọ̀," ló máa ń fi parí rẹ̀.

Wofa Yaw kó ọlọ́rùn kúkúrú jáde. Mo mú ọ̀kan, mo yí i sí ìmọ́lẹ̀ bí obìnrin náà ṣe máa ń ṣe. Mi ò mọ ohun tí mo ń wò. Mo kàn sọ fún ara mi pé, "Ṣé èyí dára?"

"Ɛyɛ."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mi ò rò ó. Ẹnu tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọdún méjìdínlógójì kì í dúró tọrọ àyè. Mo ní, "Ẹyẹ wo?"

Kí n tó pa ẹnu dé ni mo mọ ohun tí mo sọ. Ọwọ́ Wofa Yaw dúró lórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú páálí nínú rẹ̀. Òórùn kan dé: kẹrosíìnì àti ọsàn wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́ tán.

"Ẹyẹlé."

Mo yí padà.

Kò sí ẹnì kankan. Láti ibi tí mo dúró dé kọ́nà, kò sí ibi tí ewúrẹ́ lè sá pamọ́ sí. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn. Eruku tó wà láàárín èmi àti ilẹ̀kùn náà tẹ́ rẹrẹ, ojú ẹsẹ̀ kan ò sí nínú rẹ̀.

Wofa Yaw ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́. "Teacher, hwan na ɔkasaeɛ?" Ta ló sọ̀rọ̀?

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Èmi? Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó ti ń fi ìwé ìròyìn wé púlọ́ọ̀gì, ó tì wọ́n sí mi bí ẹni tó ń ti ìkòkò gbígbóná. "Ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ má yà síbì kankan."

"Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé..."

"Mi ò bi yín ní nǹkan kan o, Teacher. Alàgbà ìjọ ni mí."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, nígbà tí oòrùn ò tíì yẹ̀ lójú ọ̀run.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí agolo mílíìkì náà. Mo fi ọrùn tuntun wé ọrùn àlòkù. Ọgbọọgba ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo wo ẹnu àwọn àlòkù náà, ibẹ̀ ni ara mi sì ti bù máṣọ ju ti Mágásíìnì lọ.

Gbogbo wọn pọ́n bí ẹ̀pà sísun. Ọ̀kan ò dúdú, ọ̀kan ò funfun. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Hajia Púlọ́ọ̀gì, tó máa ń bá àwọn fítà jà nítorí pé wọ́n ju púlọ́ọ̀gì tó dára nù, yọ mẹ́rin tó dára fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, ó sì fi ihò mẹ́rin sílẹ̀ fún mi. Kí nìdí? Ṣé ó mọ nǹkan ni? Mo ti rò ó títí, mi ò rí i.

Ìkìlọ̀ kan ni mo ní fún yín. Bí ẹni tí ẹ mọ ohùn rẹ̀ bá dá yín lóhùn láti ẹ̀yìn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ má bojú wẹ̀yìn. Èmi bojú wẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, mo ti lọ dúró síbẹ̀ ní Jímọ̀ mẹ́ta, mo ti béèrè "Ẹyẹ wo?" ní jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wofa Yaw kì í tilẹ̀ ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ẹyẹlé, pé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìṣòro.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí mo ra púlọ́ọ̀gì yẹn, kí oòrùn tó wọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo yọ aṣọ àkọ́kọ́. Aró rẹ̀ ti ṣá, ó sì ti mu òórùn bẹntiróò. Mo fi í sínú agolo. Mo fi ìka yí púlọ́ọ̀gì wọlé títí ó fi kọ̀, kí n tó fi sípánà dè é díẹ̀, nítorí bí mo ti máa ń rí ìyàwó mi tó ń ṣe é nìyẹn, èmi fúnra mi ò sì mọ̀ pé mo ń wò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí mẹ́ta yòókù.

Mo jókòó sí ibi tí mi ò jókòó sí rí nínú ọkọ̀ náà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún wúkọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó sítáàtì. Èéfín gba ojú ògiri, àwọn adìyẹ fọ́n ká.

Rẹ̀mí sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. "Bàbá! Ta ló bá yín ṣe é?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ọ̀rá dúdú ti kún gbogbo èékánná mi.

"Èmi nìkan ni," mo ní. "Bá mi wá kẹrosíìnì àti ọsàn wẹ́wẹ́."