Ọjọ́ Tí A Wá Ẹmu Lọ sí Etí Odò

Ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìsìnkú ló gbé èmi àti Démọ́lá ọkọ mi láti Èkó lọ sí Òkè-Ọ̀pin, ìlú bàbá mi. Ọ̀dọ̀ Màmá la dé sí, àbúrò bàbá mi obìnrin tí kò bímọ, tó mú mi bí ọmọ.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Démọ́lá, ọmọ Ìbàdàn tí kì í jókòó jẹ́ẹ́, ní ká fẹsẹ̀ rìn lọ mu ẹmu létí odò, níbi tí a ti gbádùn ní Kérésì kan. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ló burú ńbẹ̀?

A débẹ̀, koríko ti bo bẹ́ǹṣì! A rìn síwájú sí apá Ìsọ̀lọ̀-Ọ̀pin, ìlú tó tẹ̀ lé tiwa, ibòmíràn náà ti tì pa. Ni ọkọ mi bá ń bi gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti oko: níbo lèèyàn ń jókòó sí? Ìgbà wo ni wọ́n ń pọ̀ níbẹ̀? Ṣé àwọn ará Èkó náà ń wá? Ńṣe ni obìnrin kan tó ru igi yára sá kọjá lára wa. Àṣé ohun tí àwọn tó ń ṣe amí fún ajínigbé máa ń bèèrè gan-an nìyẹn!

Kò pẹ́, igbó mì. Àwọn ọkùnrin yọ sí wa, tìbọn tìbọn! Wọ́n ní ká dojú bolẹ̀. Ìtọ̀ bọ́ lára mi, mi ò purọ́.

"Ọmọ yèsí ni ọ́?" Bàbá kan láàárín wọn ló fi èdè ìlú wa bèèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé fijilanté ni wọ́n, àwọn tó ń ṣọ́ ìlú, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ṣì wà lẹ́yìn ọrùn ọkọ mi.

Mo dárúkọ Màmá. Wọ́n pè é, wọ́n fi fóònù sí sípíkà. Bàbá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ni Màmá figbe ta.

"Mi éè lọ́mọ o! Mi éè mọ̀ ọ́n!"

Ó ní òun ò lọ́mọ, òun ò mọ̀ mí, ó sì gé fóònù. Wọ́n tún pè é, ó ti pa fóònù.

Òpùrọ́ la jẹ́ lójú wọn báyìí. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n parí ẹ̀ síbẹ̀. Démọ́lá ń gbàdúrà, èmi ń ké. Ọlọ́run ló fi bàbá yẹn ṣe àánú wa. Ó ní ká kọ́kọ́ lọ wádìí ní Òkè-Ọ̀pin.

Lọ́nà la ti gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún láìdákẹ́. Àwọn ará ìlú ti tú jáde pẹ̀lú àdá láti wá gbà wá, Màmá ló ṣíwájú láìwọ bàtà. Ó rí mi, ó ṣubú lé mi lọ́rùn.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi sẹ́ mi. Ó ní òun rò pé ajínigbé ló pè. Ó ní wọn kì í gbowó lórí ẹni tí kò lẹ́bí. Bí òun bá ní òun ò mọ̀ mí, bóyá wọ́n á fi mí sílẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ sílé, ilé ti yàtọ̀ sí tàná o! Ẹ jẹ́ kí onílé mọ̀ kí ẹ tó jáde, ẹ má sì ṣe bi ará oko léèrè ibi táwọn èèyàn ń kóra jọ sí. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ní tèmi, mo ti mọ bó ṣe ń rí kí ẹni tó fẹ́ràn mi jù láyé ní òun ò mọ̀ mí. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè sùn dáadáa.