Màmá Táǹkì Ṣọ̀fọ̀ Nílé Iṣẹ́ Wàrà

Ọ̀gá ló ní kí wọ́n fọ àwọn táǹkì omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ wàrà mọ́ tónítóní nítorí àlejò. Nígbà tí Màmá Táǹkì, tó ń bójú tó omi náà, dé láàárọ̀, ó wo inú táǹkì, ó fa àga, ó jókòó, ó káwọ́ lérí.

"Wọ́n ti pa wọ́n tán."

Àwọn òṣìṣẹ́ ń pa ẹ̀rín mọ́ra, wọ́n ń kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá náà sáré dé. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, Màmá. Ta ló ṣaláìsí?"

"Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n."

Orí rẹ̀ pé o. Ohun tíntìntín aláwọ̀ ewé ló ń jẹ ìdọ̀tí inú omi náà, ṣùgbọ́n wọ́n kéré ju ohun tí asẹ́ lè mú. Màmá ló wá fi ebu kan kún wọn, ìbátan èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá bu. Ebu náà á ṣù róbótó bí ẹ̀wà, àwọn aláwọ̀ ewé á lẹ̀ mọ́ ọn, Màmá á fi asẹ́ kó wọn, á sá wọn gbẹ fún àwọn olóko láti fi ṣe ajílẹ̀.

"Tọkọtaya ni wọ́n," ló máa ń wí. "Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, èkejì ò jẹ́ kó sá lọ." Ọkọ rẹ̀, télọ̀ oníwà tútù, kò jẹ́ bèèrè èwo ni tòun.

Ìgò irúgbìn àwọn ohun tíntìntín náà ló kún ojú fèrèsé yàrá Màmá nílé. "Ìyàwó mi, n ò ríta mọ́ o."

"Kí lẹ fẹ́ wò níta?"

Ìgò wọ̀nyẹn ló yọ ilé iṣẹ́. Lẹ́yìn fífọ̀ yẹn, odò ìsàlẹ̀ tí omi táǹkì ń ṣàn sí ń rùn, àwọn aládùúgbò gbé korobá omi rẹ̀ ka tábìlì ọ̀gá: "Ẹ bù mu, ká wò ó." Wọ́n ti fẹ́ ti ilé iṣẹ́ pa kí Màmá tó da àwọn ìgò rẹ̀ sí táǹkì, tó ṣọ́ wọn títí odò fi mọ́. Ọ̀gá wá dúpẹ́.

"Èmi kọ́. Àwọn ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹríba fún táǹkì.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Màmá, ọkọ rẹ̀ yọ sí ilé iṣẹ́ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ó bi òṣìṣẹ́ tó di asẹ́ mú: "Èwo ni ìyàwó mi fẹ́ràn jù nínú àwọn táǹkì yìí?"

Òṣìṣẹ́ náà ò mọ̀. Ó nawọ́ sí èyí tí oòrùn ń tàn sí. Baba lọ dúró tì í, ó gbọ́wọ́ lé etí táǹkì náà jẹ́jẹ́, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

"Baba, ilẹ̀ ti ń ṣú."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Jẹ́ n bá wọn ṣọ̀fọ̀ díẹ̀ sí i."

Òṣìṣẹ́ náà gbé asẹ́ sílẹ̀, ó sì dúró tì í.